Odídẹrẹ́ Inú Ilé Wa: Ohun Tí Awọ àti Ìyẹ́ Rẹ̀ Ń Sọ Fún Wa

Àwọn àgbà wa máa ń wúre pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ẹyẹ tí ó bá jáde lọ wá oúnjẹ yóò padà sílé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí nípa odídẹrẹ́ tí kò lọ sí oko kankan, tí ó jókòó sínú ilé wa, tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ó sì ń fi àgógó ara rẹ̀ tu ìyẹ́ àyà rẹ̀ títí àyà náà fi dà bí ti adìyẹ tí a fẹ́ sè? Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wà ní ilé mi ní Àjàṣẹ́ ní ọdún méje sẹ́yìn. Ohun tí ó kọ́ mi ni mo fẹ́ fi lé ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́wọ́, nítorí ilé tí a ti ń sin ẹyẹ yìí kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó ni ẹyẹ náà. Ó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kétu fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, Ayékòótọ́ ni a sì ń pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe gbogbo irú rẹ̀. Nígbà tí ojú màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní: «Ọkọ mi, ìwọ ni o mọ ìwé ẹranko. Máa mú un lọ.» Lóòótọ́, ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Lọ́dọọdún ni mo máa ń mú ìyẹ́ adìyẹ wọ kíláàsì, tí n ó sì ya ọ̀pá rẹ̀ àti ẹ̀ka rẹ̀ sí ojú pátákó. Síbẹ̀, kí oṣù mẹ́fà tó pé, ẹyẹ tí a fi lé olùkọ́ lọ́wọ́ ti tú ara rẹ̀ sí ìhòòhò.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n. Aládùúgbò kan ní kí n fi àdín pa á lára. Èkejì ní kòkòrò ni ó wà lára rẹ̀, kí n fi epo àtùpà nù ún. Ẹnì kẹta kò tilẹ̀ wo àyà ẹyẹ náà, ìrù rẹ̀ ni ó ń wò. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹyẹ ti ń tu ìyẹ́ ara rẹ̀ dànù, kí n kúkú jẹ́ kí òun fa ìkóodẹ mẹ́rin, nítorí ayẹyẹ kan ń bọ̀ ní agboolé wọn. Mo kọ ti epo àtùpà, mo kọ ti ìkóodẹ, ṣùgbọ́n mo gba ti àdín. Ìyẹ́ tí ó kù lẹ̀ mọ́ra, ẹyẹ gbọ̀n ní gbogbo òru, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, títu náà ti di ìlọ́po méjì.

Iṣẹ́ tí ìyẹ́ ń ṣe

Kí á lè mọ ìdí tí àdín fi ba nǹkan jẹ́, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìyẹ́ jẹ́. Odídẹrẹ́ wa yìí, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní perroquet gris du Gabon, wúwo tó nǹkan bí 400 sí 500 gíráàmù. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ púpọ̀. Ìyẹ́ ni aṣọ òtútù rẹ̀, òun náà ni agbòjò rẹ̀. Ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá kan láàárín, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sì yọ sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Lára àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí ni ìkọ́ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí wà, tí wọ́n ń há mọ́ ara wọn bí eyín sípù. Bí ìkọ́ bá tú, ẹyẹ á fi àgógó fa ìyẹ́ náà láti ìdí dé orí, ìkọ́ á sì há padà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí odídẹrẹ́ tí ó ń fi àgógó tò ìyẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lójúmọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ìmọ́tótó ni, kì í ṣe àrùn.

Ẹyẹ náà ní ìpara tirẹ̀. Kókó kékeré kan wà lókè ìdí ìrù rẹ̀ tí ń mú òróró díẹ̀ jáde, èyí tí ó ń fi àgógó tàn sára. Bákan náà, irú ìyẹ́ kan wà lábẹ́ èyí tí a ń rí, tí orí rẹ̀ ń rún di ìyẹ̀fun funfun lẹ́búlẹ́bú. Ìyẹ̀fun yìí ni ó máa ń wà lára àga àti ògiri tí ó sún mọ́ àgò ẹyẹ. Ìdọ̀tí kọ́, ara ìtọ́jú tí ẹyẹ ń ṣe fún ara rẹ̀ ni. Nígbà tí a bá wá da àdín tàbí òrí lé e lórí, ìkọ́ á lẹ̀ pọ̀, ìyẹ̀fun á di ẹrẹ̀, ìyẹ́ kò ní lè dí òtútù mọ́. Ẹyẹ á sì máa lá ohun tí a fi pa á lára, á sì gbé e mì. Ohun tí ó dára fún awọ ọmọ ènìyàn lè jẹ́ ìyà fún ẹyẹ.

Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ìyẹ́ àtijọ́ máa ń re, tí tuntun á sì hù dípò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ́ tuntun máa ń yọ bí ẹ̀gún kékeré nínú èèpo líle, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ó ń dàgbà. Bí irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn. Kí á fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí á sì tètè lọ rí oníṣègùn ẹran bí kò bá dá. Ní àkókò yìí, ara máa ń yún ẹyẹ, ó sì lè máa kanra. Kí á fún un ní ìsinmi àti oúnjẹ tí ó dára, nítorí pé kẹratíìnì, irú ohun kan náà tí ó di èékánná wa, ni ìyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkèdélẹ̀, inú oúnjẹ ni ara sì ti ń rí ohun tí ó fi ń ṣe é.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyẹ́ tí ó ń re àti ìyẹ́ tí ẹyẹ ń tu? Bí ó bá jẹ́ pé ó ń re ni, a kò ní rí ojú awọ gbalaja, nítorí tuntun ti ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí awọ bá hàn, kí á wo orí ẹyẹ náà. Àgógó rẹ̀ kò lè dé orí ara rẹ̀. Bí ìyẹ́ orí bá pé, tí àyà tàbí itan sì wà ní ìhòòhò, ẹyẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń tu ú. Èyí ni àwọn elédè Faransé ń pè ní piquage. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ́ orí náà bá ń ṣófo, tàbí bí ìyẹ́ tuntun bá ń hù ní wíwọ́, a jẹ́ pé àrùn lè wà níbẹ̀. Kòkòrò àrùn kan wà tí ń ba àgógó àti ìyẹ́ àwọn odídẹrẹ́ jẹ́, tí ó sì ń ran láti ara ẹyẹ kan dé òmíràn. Oníṣègùn nìkan ni ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Awọ funfun tí ó yí ojú odídẹrẹ́ ká ní tirẹ̀ kì í ní ìyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá a, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá oògùn sí i.

Ìbéèrè tí n kò lè dáhùn

Lẹ́yìn ọ̀ràn àdín ni mo tó gbé ẹyẹ lọ bá oníṣègùn ẹran. Mo ti múra láti gba oògùn ìpara. Ó wọn ẹyẹ, ó yẹ ẹnu àti awọ rẹ̀ wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, ó pa ẹyẹ tì, ó kọjú sí mi.

«Kí ni ó ń jẹ?» Mo ní irúgbìn tournesol àti àgbàdo gbígbẹ. «Ìgbà wo ni ó wẹ̀ gbẹ̀yìn?» N kò mọ̀. «Níbo ni àgò rẹ̀ wà?» Nínú yàrá àlejò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. «Ìgbà wo ni ẹ ń pa tẹlifíṣọ̀n náà?» Mo ní ìgbà tí mo bá parí iṣẹ́ lórí ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí agogo mọ́kànlá tàbí méjìlá òru. «Ta ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án?» Mo dákẹ́. Láti agogo méje tí mo bá ti jáde, kò sí ẹnikẹ́ni nílé títí di ìrọ̀lẹ́.

Ó wá bi mí pé: «Ní Kétu ńkọ́?» Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Ní Kétu, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí àgbàlá ni ẹyẹ náà ń gbé. Oòrùn òwúrọ̀ ń kàn án lára. Bí òjò bá rọ̀, ó máa ń na ìyẹ́ apá rẹ̀ síta kí ìrì òjò lè bà á. Àwọn obìnrin agboolé máa ń pa ẹ̀kùrọ́ níbẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀, òun náà á máa dá wọn lóhùn. Nígbà tí a bá ń se epo, màmá á ju ẹyìn tútù mélòó kan sí i. Bí alẹ́ bá lẹ́, aṣọ ni yóò fi bo àgò rẹ̀, ariwo á sì dópin. Màmá kò ka ìwé kan nípa ẹyẹ rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí oníṣègùn náà kọ sí ìwé fún mi lọ́jọ́ yẹn, ó ti ń ṣe é fún ogún ọdún.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò fi àrùn kankan hàn. Kò fún mi ní ìpara.

Oúnjẹ

Irúgbìn gbígbẹ nìkan kò tó odídẹrẹ́. Ọ̀rá pọ̀ nínú tournesol àti ẹ̀pà, ṣùgbọ́n fítámínì A kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú wọn. Bí fítámínì yìí bá wọ́n, awọ ẹyẹ á máa gbẹ, á máa bó bí ìpẹ́, ìyẹ́ á pàdánù dídán rẹ̀, àrùn á sì tètè wọlé sí imú àti ọ̀fun. Oògùn rẹ̀ wà ní ọjà wa. Ẹyìn ọ̀pẹ, tí odídẹrẹ́ ń jẹ fúnra rẹ̀ nínú igbó, kún fún ohun pupa tí ara ń sọ di fítámínì A. Bákan náà ni ìbẹ́pẹ, máńgòrò, elégédé, kárọ́ọ̀tì, ànàmọ́ tí inú rẹ̀ pọ́n, àti ewé tútù. Ata pupa pàápàá dára: ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu bí ó ti ń ta wá. Kí á fi ẹ̀wà sísè tí kò ní iyọ̀ tàbí ẹyin sísè díẹ̀ kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá nígbà tí ìyẹ́ bá ń hù.

Kálísíọ́mù ni èkejì. Odídẹrẹ́ eléérú yìí wà lára àwọn ẹyẹ tí kálísíọ́mù ẹ̀jẹ̀ wọn tètè ń lọ sílẹ̀, èyí sì lè mú kí ó máa gbọ̀n tàbí kí ó ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí gìrì mú. Èèpo ẹyin tí a sè, tí a sì lọ̀ kúnná, ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ara kò lè lo kálísíọ́mù dáadáa láìsí fítámínì D, ìtànṣán oòrùn ni ó sì ń jẹ́ kí ara ẹyẹ pèsè rẹ̀. Gíláàsì fèrèsé máa ń dí ìtànṣán náà. Ìta gan-an ni kí á gbé ẹyẹ sí fún ìgbà díẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ìbòòji sì wà nínú àgò tí ó lè sá sí.

Kí á má ṣe fún un ní èso píà, tí elédè Faransé ń pè ní avocat, nítorí májèlé ni fún ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣokoléètì àti kọfí. Mo ti rí ilé tí a ti ń fún odídẹrẹ́ ní sódábì kí àlejò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò yẹ wá. Ẹ̀pà tí ó bá ti bu, kí á dà á nù. Májèlé inú ẹ̀pà bíbu ń pa ẹ̀dọ̀.

Omi, ọyẹ́ àti èéfín

Inú igbó tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀ ni odídẹrẹ́ ti wá. Ìgbà ọyẹ́ ni awọ rẹ̀ máa ń jìyà jù: afẹ́fẹ́ á gbẹ, ìyẹ́ á le, ara á máa yún un. Omi lásán, láìsí ọṣẹ, ni kí á fín sí i láti òkè bí ìrì òjò, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àti lójoojúmọ́ bí ọyẹ́ bá le. Òwúrọ̀ ni kí á ṣe é, kí ara rẹ̀ lè gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́. Bí ó bá bẹ̀rù omi, kí á gbé àwo omi sílẹ̀ fún un, kí ó fúnra rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ayékòótọ́ mi sá fún ìgò tí mo fi ń fín omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó na apá rẹ̀ méjèèjì síta, ó sì dorí kodò. Inú mi dùn ju bí mo ti lè sọ lọ.

Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò lè gba èéfín. Èéfín sìgá, ti oògùn ẹ̀fọn, ti ìdáná, àti ti àwo ìdínńkan Teflon tí ó bá gbóná jù, gbogbo wọn ń ṣe é níbi, ti Teflon sì lè pa á lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ tí ó ti di sìgá mú pàápàá ń ba awọ rẹ̀ jẹ́. Kí á fọ ọwọ́ kí á tó gbé e. Ní ti epo àtùpà àti oògùn kòkòrò, ẹ má ṣe fi wọ́n kan ẹyẹ rárá. Kòkòrò ara kì í wọ́pọ̀ lára odídẹrẹ́ tí ń gbé inú ilé.

Oorun àti ẹni tí a jọ ń gbé

Odídẹrẹ́ nílò oorun wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá lóru, níbi tí ó ṣókùnkùn, tí ó sì dákẹ́. Ó tún nílò ẹlòmíràn. Nínú igbó, agbo ńlá ni wọ́n fi ń sùn. Òye rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé Irene Pepperberg fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ odídẹrẹ́ kan tí a ń pè ní Alex, láti 1977 títí ẹyẹ náà fi kú ní 2007. Alex mọ orúkọ nǹkan bí 50 ohun, ó mọ àwọ̀, ó sì lè ka nǹkan dé mẹ́fà. Bí a bá ti ẹ̀dá tí ó ní irú òye bẹ́ẹ̀ mọ́ inú irin láti àárọ̀ di alẹ́, tí kò rí nǹkan ṣe, ara rẹ̀ ni yóò fi ṣeré.

Ohun tí a lè ṣe kò náni lówó. Kí á di oúnjẹ rẹ̀ sínú háhá àgbàdo kí ó máa tú u. Kí á fún un ní èèpo àgbọn àti màrìwò ọ̀pẹ tí kò ní oògùn láti máa fàya. Kí á gbé e sí ibi tí ìdílé ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá sì ń tu ìyẹ́, kí á má ṣe pariwo mọ́ ọn, nítorí yóò mọ̀ pé ìyẹ́ títu ni ó ń mú wa wá. Ìgbà tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ ni kí á pè é, kí á sì bá a sọ̀rọ̀. Ní tèmi, mo bẹ ìyá oníṣòwò kan tí ń tajà níwájú ilé mi pé kí ẹyẹ máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìbòòji títí n ó fi dé. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó ti mọ bí a ṣe ń ná ọjà.

Ọ̀rọ̀ ìkóodẹ

Mo padà sórí ẹni tí ó fẹ́ fa ìkóodẹ. N kò bínú sí i. Ìyẹ́ pupa yìí níyì láàárín wa. Ó máa ń wà níwájú orí ìyàwó òrìṣà, iyì yìí sì ti sọdá òkun: ní Brazil, àwọn tí ń tẹ̀lé àṣà Kétu nínú Candomblé ń pè é ní ekodidé. Ṣùgbọ́n ìkó méjìlá péré ni ó wà ní ìrù ẹyẹ kan. Ìdí rẹ̀ jinlẹ̀ nínú ẹran ara. Bí a bá fà á tu, ọgbẹ́ ni. Bí a bá ń fà á léraléra, ihò rẹ̀ lè kú, kò sì ní hu ìyẹ́ mọ́. Bí ẹ bá sì rí ìyẹ́ pupa tí ó hù láàárín ìyẹ́ eérú níbi tí a ti tu ìyẹ́, ẹ má ṣe sọ pé oríire ni. Ó lè jẹ́ àpá ọgbẹ́.

Ẹyẹ tí a tọ́jú dáadáa yóò fún wa ní ìkóodẹ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìyẹ́ bá ń re. Sùúrù nìkan ni ó gbà. Sùúrù yìí ṣe pàtàkì lónìí ju ti àtijọ́ lọ. Ní Gáná, àwọn onímọ̀ rí i pé láti 1992, ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún odídẹrẹ́ igbó ti pòórá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES fi ẹyẹ yìí sí ipele ààbò tí ó ga jù lọ, tí ó fi òfin de títà èyí tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹni tí ó bá ti ní ọ̀kan nílé, kí ó tọ́jú rẹ̀. Kí á má ṣe ra èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtè mú.

Ní ọdún kejì, mo gbé Ayékòótọ́ lọ sí Kétu láti kí màmá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé ẹyẹ lé e lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìka wo orí ẹyẹ, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ìyẹ́ apá. Nígbà tí ó dé àyà, ìka rẹ̀ dúró lójú ibì kan tí kò ju owó ẹyọ kan lọ.

«Ibí yìí ńkọ́?»

Mo ní: «Màmá, ibẹ̀ kò hù mọ́. Èmi ni mo fi àdín pa á.»

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. «Ta ni ó sọ fún ọ pé ẹyẹ ń kun àdín?»

N kò dáhùn. Mo mú ìkóodẹ méjì tí mo ṣà ní ìsàlẹ̀ àgò jáde, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó fọwọ́ kan ìdí wọn láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ gbẹ síbẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé wọ́n mọ́, ó di wọ́n sí etí aṣọ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ wá ẹyìn tútù wá fún ẹyẹ.